Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Ń Pe Ara Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 6/3

Wọ́n tún sọ òkúta lu bọ́ọ̀sì wa lówùúrọ̀ yìí. Fèrèsé ẹ̀yìn fọ́ yángáyángá, àfọ́kù gíláàsì sì wọ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá òṣùwọ̀n lọ́rùn. Mo fi ìbòrí mi di ojú ọgbẹ́ náà mú títí a fi wọ gééti ilé-iṣẹ́. Àwọn tó ń sọ̀kò ọ̀hún kì í ṣe àjèjì. Oṣù tó kọjá, ìdí ẹ̀rọ ìlọyẹ̀fun kan náà la ti jọ ń pàdé, a jọ ń bú Mánéjà lábẹ́lẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti daṣẹ́ sílẹ̀, èmi ò daṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ìwé ara mi: kì í ṣe pé mo fẹ́ràn Mánéjà, ẹ̀rù ló bà mí.

Ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà gba ojú fèrèsé wọ yàrá ìsinmi àwọn awakọ̀, ó sì ba kọ̀ǹpútà wọn jẹ́. Olórí awakọ̀ fúnra ẹ̀ ló sáré wá bá mi lókè.

"Sisí Ẹ̀rọ, jọ̀ọ́, gbà wá. Ibẹ̀ la ti ń rí ẹni tí iṣẹ́ kàn."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi ná."

Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é. Mo fi dísíìkì mìíràn sínú ẹ̀rọ náà, mo da gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà akọ̀wé ẹrù kọ sínú ẹ̀, torí pé tiẹ̀ ló dáa jù nínú gbogbo ọ́fíìsì. Ọkọ àbúrò mi obìnrin ni akọ̀wé ẹrù, ó sì máa ń tọ́jú ẹ̀rọ ẹ̀ bí ẹni tọ́jú ọmọ. ERU2 lorúkọ tirẹ̀. Nígbà tí mo dà á kọ tán, mo yí orúkọ ti àwọn awakọ̀ padà sí AWAKO1, mo pa á, mo tún un tàn, mo bi í pé kí lorúkọ ẹ, ó ní AWAKO1. Ẹlẹ́rìn-ín, àbúrò olórí awakọ̀, jó yí àga po nígbà tó rí i pé ó tàn. Ọmọkùnrin yẹn, tí ilé bá ń jó, á ṣì rí nǹkan fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi kò ní rọ láé. Inú mi dùn, mo sì jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi pẹ̀lú ìgbéraga.

Òjò kọ̀, kò rọ̀. Búrẹ́dì ti tún gbówó lórí, àwa tí à ń lọ ìyẹ̀fun fúnra wa ò lè rà á mọ́.


Ọjọ́rú, 8/3

Wọ́n yìnbọn ní gééti. Bàtà, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, sọ pé òkè orí làwọn yìn ín sí. Ta wá ló ṣubú sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lọ́rùn ẹ̀ bí omi ẹ̀rọ? Olùdìpò ni, ọ̀kan nínú àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀, tó máa ń di ìyẹ̀fun sápò. Ó mí díẹ̀, ó ń wá nǹkan tó fẹ́ dì mú, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Ẹlẹ́rìn-ín ló já gbà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, tó lọ gbé orí ẹ̀ lé ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ dàgbà. Kò pẹ́ tí olùdìpò fi kú.

Bàtà kì í ṣe orúkọ àbísọ ẹ̀. Orúkọ tí a fún un nìyẹn torí pé bàtà ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ kí ẹnu ẹ̀ tó là.


Ọjọ́ Ẹtì, 10/3

Mo wà láàyè. Ó ti rẹ̀ mí dé eegun.


Ọjọ́ Ajé, 13/3

Ẹlẹ́rìn-ín ti kú. Wọ́n jó o mọ́nú ọkọ̀.

Tírélà mẹ́ta ni wọ́n dọ́gbọ́n kó ẹrù jáde láfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn afárá kí àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ má baà rí wọn. Àwọn ọ̀hún ti ń dúró dè wọ́n. Wọ́n ti to táyà sójú ọ̀nà, wọ́n ti tanná sí i. Bí tírélà ṣe dúró báyìí, ìgò epo bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Awakọ̀ méjì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sá. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín há. Àwọn tó sá àsálà ní àwọn ń gbọ́ bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn náà látinú. Iṣẹ́ ọ̀hún ò tiẹ̀ kàn án. Inú ló ń run ẹni tó kàn, wọ́n jí i lójú oorun pé kó bá wọn wà á.

Nígbà tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nínú ọgbà, ó dúró bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló dojú bolẹ̀ nínú ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀, ó ń fi orí gbá kọnkéré. Ó gba ọkùnrin mẹ́rin kí wọ́n tó lè dì í mú. Nígbà tó gbójú sókè, ojú ẹ̀ funfun, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láàárín ẹ̀. Ó ní ẹni tó ta àwọn, òun á fi ọwọ́ òun pa á.

Lọ́sàn-án, Bàtà gbé fóònù kan wá bá mi. Ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú nídìí afárá ni wọ́n ti gbà á, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ṣì wà lára ẹ̀. Mo ka ohun tó wà níbẹ̀: "Tírélà mẹ́ta, ọ̀nà ẹ̀yìn afárá, àfẹ̀mọ́júmọ́ ọ̀la. Ẹ dá wọn dúró. Ẹ má fọwọ́ kan awakọ̀ kankan." Láti inú ètò ìfiránṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa ló ti wá, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ètò yẹn máa ń kọ orúkọ kọ̀ǹpútà tó ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀. ERU2 ló kọ.

"Ta ló ni ERU2?" Bàtà béèrè.

"Ti akọ̀wé ẹrù ni."

Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn, bí ẹni tí wọ́n bi ní aago. Kí n tó mọ̀ pé ọkọ àbúrò mi ni mo dárúkọ, Bàtà ti sọ̀ kalẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14/3

Yàrá òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń lù ú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lé mi. Wọ́n ti so ó mọ́ òpó, ojú ẹ̀ ọ̀tún ti wú débi pé n kò rí ẹyinjú. Bàtà gbé ọwọ́ ẹ̀ lé orí irin tí a fi ń wọn àpò, ó gun orí àwọn ìka náà, ó sì yí gìgísẹ̀ po. Mo gbọ́ ọ. N kò ní kọ irú ohun tó dún sínú ìwé yìí.

"Ẹ̀gbọ́n!" Ó rí mi. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò sí nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo wà, mò ń ka àpò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn!"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé inú ń bí mi sí i. Mo ti lọ wo gbogbo kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ láti orí tábìlì mi, mo pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ orúkọ tó yẹ kó jẹ́. ERU2 kan ṣoṣo ló wà. Mo ní lọ́kàn mi pé, ìwọ aláìmoore, o mọ̀ pé o níyàwó, o mọ̀ pé o bímọ, o lọ ń ṣe amí. Mo yí padà, mo lọ.

Kí n tó délé àbúrò mi, wọ́n ti dé ibẹ̀. Àwọn awakọ̀ àti ìyàwó wọn ni. Wọ́n ti fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ti fa àga àti bẹ́ẹ̀dì síta, wọ́n ń fi irin lu fíríìjì bí ẹni pé òun ló pa Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín ló wà níwájú, láìní ìbòrí, ohùn ẹ̀ ti há. Òkúta kan ti ba àbúrò mi níwájú orí, awọ ibẹ̀ là títí kan ìpéǹpéjú. Ẹ̀yìn ìkòkò omi ní ilé ìdáná ni mo ti bá àwọn ọmọ, àbígbẹ̀yìn ti tọ̀ sára. Mo kó gbogbo wọn wá sọ́dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ojúlé kejì ló bá mi rán iwájú orí ọ̀hún, láìsí oògùn akunnilára, àbúrò mi sì di ọwọ́ mi mú débi pé èékánná ẹ̀ wọ ara mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní ọkọ mi ni?"

Mo ní n kò mọ̀.


Ọjọ́rú, 15/3

Ọlọ́run ò, kí ni mo ṣe yìí.

Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni Bàtà ti fi ọ̀bẹ gé wáyà kọ̀ǹpútà akọ̀wé ẹrù, ó sì ti gbé e lọ sí yàrá àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò sí iná lára ẹ̀, wọ́n ń gbé ife tíì lé e. Lówùúrọ̀ yìí ni ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ránṣẹ́ sí mi látinú yàrá ìsinmi: "Sisí Ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ò fa bébà mọ́." Ojú mi sọ̀ sí ìsàlẹ̀. ERU2.

Ẹ̀rọ tí kò níná kì í kọ lẹ́tà. Mo sáré débi pé bàtà mi kan kù sórí àtẹ̀gùn.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àwọn awakọ̀. Mo bi ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ pé kí lorúkọ ẹ, ó ní AWAKO1. Mo ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ ẹni tí ẹ̀rọ yìí jẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní AWAKO1. Mo wá ṣí ètò ìfiránṣẹ́, mo wo fáìlì tó ń tọ́jú sínú ara ẹ̀. ERU2 ló wà níbẹ̀, gbọnrangandan.

Ìdí ẹ̀rọ ìlọyẹ̀fun ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó gbé mi wá sí ọ́fíìsì. Àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀, sọ́fítíwíà tiwọn yàtọ̀. Níbẹ̀, ètò ìfiránṣẹ́ yìí kan náà máa ń bi ẹ̀rọ lórúkọ ní gbogbo ìgbà tó bá jí, tí o bá ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ti ọ́fíìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ètò náà sínú ẹ̀rọ ló ń béèrè orúkọ, á kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ní béèrè mọ́ láé. Nígbà tí mo da dísíìkì akọ̀wé ẹrù kọ, mo da orúkọ ẹ̀ kọ mọ́ ọn. Mo yí orúkọ ẹ̀rọ padà, n kò yí ti ètò inú ẹ̀ padà. Èmi ni mo fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sára ẹ̀rọ yẹn, èmi náà ni mo tún fi ẹnu ara mi pè é fún Bàtà.

Mo fa Bàtà wá síbẹ̀ pé kó wá wò ó.

"Ẹ wò ó, ọ̀gá. Ẹ̀rọ kan náà rèé. Tí ẹ bá bi í báyìí, AWAKO1. Tí ẹ bá bi í lọ́nà kejì, ERU2. Ti akọ̀wé ẹrù wà nílẹ̀ ní yàrá yín, kò níná, ó sì ń kọ̀wé. Àbí iwin ló ń bá a tẹ̀ ẹ́?"

Ó wò ó. Mo rí i pé ó yé e. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá mi lẹ́nu, eyín mi kan mì.

"Ọkọ àbúrò ẹ lo fẹ́ gbà sílẹ̀. Lánàá, ERU2 ni ti ẹ̀. Lónìí, ti gbogbo ayé ni. Màá sọ fún Mánéjà pé mo na ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, àbí?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan."

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń sin awakọ̀ yẹn. Tí wọ́n bá ti sin ín tán, màá ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará ẹ̀, màá sì lọ jókòó síbòmíì. Tí wọ́n bá rí ẹ̀mí kan gbà, wọ́n á padà sídìí ọkọ̀ wọn lọ́jọ́ Ajé."


Ọjọ́bọ̀, 16/3

Ẹnu mi wú, omi lásán ni mo lè mu.

Bàtà ò ní gbọ́. Mánéjà ti sá lọ sílé ìyá ìyàwó ẹ̀, kò gbé fóònù. Ọlọ́pàá ò wá sí àdúgbò yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jó ọkọ̀ wọn. Ẹnì kan ṣoṣo làwọn awakọ̀ ń gbọ́ tiẹ̀, ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín náà sì ni. Òun kò ní gbà kí n sọ pé "kì í ṣe ẹni yìí" lásán. Á ní kí n dárúkọ ẹni tó ṣe é.

Nọ́ńbà iṣẹ́ ara ẹ̀ ni awakọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà yẹn. Gbogbo àárọ̀ ni mo fi ń fẹsẹ̀ falẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà tí kò bàjẹ́. Mo nu tábìlì. Nígbà tí àwáwí tán, mo lọ wo ẹni tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Ẹlẹ́rìn-ín ni.

Mo kà á, mo tún un kà, mo lọ mú àkọsílẹ̀ nọ́ńbà àwọn awakọ̀ wá, mo fi ìka tọ́ ọ. Òun náà ni. Ọ̀rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀ ní gééti ni kò jẹ́ kó lè dákẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n dá ọkọ̀ ìyẹ̀fun Mánéjà dúró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé kí wọ́n má fọwọ́ kan awakọ̀ kankan, bí ẹni pé àwọn tó gbé ìgò epo lọ́wọ́ ń ka lẹ́tà dé ìparí. Ilé ló yẹ kó wà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí wọ́n jí i pé kó wá wa ọkọ̀, kí ló máa sọ? Ṣé á ní òun ò lọ, kí wọ́n bi í pé kí ló dé?

Mo sunkún fún un. Lẹ́yìn náà mo bú u, mo bú u dáadáa, òkú tí wọn ò tíì sin.


Ọjọ́ Ẹtì, 17/3

Mo ránṣẹ́ pe olórí awakọ̀ kí òòrùn tó mú, kí àwọn yòókù tó pé. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ọgbẹ́ iwájú orí ẹ̀ ti gbẹ. Ó wọ yàrá ìsinmi, ó dúró tì mí.

"Wọ́n ní o ń sọ kiri pé akọ̀wé yẹn mọ́wọ́ mọ́sẹ̀."

"Bọ̀dá, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Sọ ọ́."

Mo fi ẹ̀rọ náà hàn án. Mo fi orúkọ méjèèjì hàn án, mo sọ fún un pé ọwọ́ mi ni àṣìṣe ọ̀hún ti wá. Ó mi orí. Ó bi mí pé ta ló wá jókòó síbẹ̀. Mo kàn tẹ ibi tí nọ́ńbà náà wà, mo yẹra fún un.

Ó mọ nọ́ńbà náà sórí. Òun ló wá iṣẹ́ fún àbúrò ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé kò rí i. Ó ka ìránṣẹ́ náà pẹ̀lú ẹnu, díẹ̀díẹ̀, títí dé "Ẹ má fọwọ́ kan awakọ̀ kankan." Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì dé ọrùn mi. Ó gbé mi sókè mọ́ ògiri. N kò lè mí, mò ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ojú ẹ̀ wà nítòsí tèmi, omi ń dà níbẹ̀, ó sì ń wí jẹ́jẹ́ pé, "Irọ́ ni. Sọ pé irọ́ ni. Sọ pé irọ́ ni." Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, nígbà tó ti di ọ̀fun mi pa? Ibi tí mo ti ń rí òkùnkùn ni mo ti bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, ó ti mú irin tí wọ́n fi ń tú táyà, ó ń lu kọ̀ǹpútà náà. Ó lù ú títí kò fi sí ohun tó ṣẹ́ kù tí èèyàn lè pè ní ẹ̀rọ. Ó ju irin nù, ó jáde, mo wọ́ tẹ̀ lé e.

Bàtà rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i. Ó rò pé ara ẹ̀ ni kò gbà á mọ́, pé kò lè dúró di ìgbà tí wọ́n bá sìnkú tán. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá òṣùwọ̀n, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Olórí awakọ̀ wọlé, ó gbé ọkọ àbúrò mi lé èjìká, ó gbé e jáde sáàárín ọgbà. Àwọn awakọ̀ ya bò wọ́n. Ẹnì kan ti gbá a nípàá kó tó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Olórí awakọ̀ fi orí kan imú ẹni náà, ẹni náà sì dùbúlẹ̀.

"Kì í ṣe òun!" ó pariwo. "Ẹ gbọ́? Kì í ṣe òun!"

"Ta wá ni, Bọ̀dá?"

"Ẹ̀rọ ló ṣì í."

"Ẹ̀rọ ò lè dá kọ̀wé. Ta ni?"

"Mo ní ẹ̀rọ ni! Ta ló tún fẹ́ béèrè?"

Kò sẹ́ni tó béèrè mọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n kàn là sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń wo ọkọ àbúrò mi nílẹ̀ bíi pé wọ́n á padà wá. Nígbà tí a gbé e sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ọsibítù, olórí awakọ̀ tẹ̀ sí mi létí. Ó ní, "Tí orúkọ àbúrò mi bá jáde lẹ́nu ẹ, màá pa ẹ́. Ìyàwó ẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́. Wọ́n á ba ayé ẹ̀ jẹ́, wọ́n á ba ti àwọn ọmọ jẹ́." Mo búra fún un. Ó lọ fọ ọwọ́ ẹ̀, ó lọ sin àbúrò ẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 19/3

Dókítà ní ojú ọ̀tún ọkọ àbúrò mi ti lọ. Ìka méjì kò ní ká mọ́. Akọ̀wé fúnra ẹ̀ ń bi mí bóyá wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà òun padà sáyè ẹ̀. Mo jáde lọ sí bálíkónì, mo bì.


Ọjọ́rú, 22/3

Òjò àkọ́kọ́. Ó bo òórùn táyà mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Mo ti yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo pa fáìlì inú ètò ìfiránṣẹ́ rẹ́, mo jẹ́ kó tún béèrè orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ́ orúkọ onílé mìíràn, ọwọ́ mi sì ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Ti ilé ìdáná ń pe ara ẹ̀ ní MANEJA. Mo rẹ́rìn-ín, ọgbẹ́ ẹnu mi sì là.

Àwọn ọmọ àbúrò mi lọ sí iléèwé lónìí. Wọ́n sọ yẹ̀pẹ̀ lù wọ́n lọ́nà, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta epo bẹntiróòlù lójú pópó kọ̀ láti ta fún mi. Ọ̀wọ́n gógó ló ń tà á fún àwọn yòókù, kó kúkú jó epo ẹ̀ fúnra ẹ̀.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25/3

Àbúrò mi ti mọ̀ pé mo mọ̀. Èmi ni mo tú àṣírí ara mi. Ó ń sunkún nídìí síìnkì, mo ní kó fi ọkàn balẹ̀, pé ẹni tó ṣe é náà ti jìyà. Ó pa omi. Ó yíjú sí mi.

"Ẹni tó ṣe é. O mọ̀ ọ́n?"

Kò pè mí ní ẹ̀yin. Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti bí i, kò pè mí ní ìwọ rí.

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Ojú ọkọ mi kan ti fọ́. Wọ́n ń ju yẹ̀pẹ̀ lu àwọn ọmọ mi. Tí mo bá kọjá, wọ́n á tutọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ni, o wá gbé e mì?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ilé ẹlòmíì ni wọ́n á lọ fọ́. Ọmọ wà níbẹ̀ náà."

"Ọmọ tèmi ńkọ́? Wọ́n ti sọ fún mi pé ìwọ lo pe orúkọ ọkọ mi fún wọn! Ìyẹn yá ẹ lẹ́nu!"

Kẹ́tù omi gbígbóná wà lórí iná. N kò rí i nígbà tó gbé e. Èjìká àti apá òsì mi ló bó. Ó dúró, ó di kẹ́tù náà mú, ó sì ní n kò ní rí òun mọ́. Ó kó àwọn ọmọ lọ sí ọsibítù lọ́dọ̀ bàbá wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ èyí, mo dúpẹ́ pé kì í ṣe òun ló bó.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28/3

Wọ́n ní ìyanṣẹ́lódì ti parí. Mánéjà padà dé pẹ̀lú kóòtù tuntun. Bàtà ṣì wà ní gééti.

Ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín wá bá mi nílé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ó dá wá. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sì ti to irọ́ mi sílẹ̀ lẹ́nu: ẹ̀rọ ni, n kò mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ ti fọ́ ọ. Mo gbé àga fún un, kò jókòó. Ó wo báńdéèjì apá mi, kò béèrè.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́."

"Ẹ̀rọ ló ṣì í, ìyàwó wa. Mi ò mọ̀."

"Ẹ má parọ́ nítorí mi. Ọkọ mi ni."

Mo jókòó sórí àga tí mo gbé fún un.

"Òun ló sọ fún mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ní òun ti bá olùdìpò gbẹ̀san láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó ní wọn ò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rò pé mi ò mọ̀, ó ń ṣe mí jẹ́jẹ́ kiri."

Mo rò ó padà. Ọjọ́ Sọ́ńdè. Ọjọ́ Ajé ni mo pe orúkọ akọ̀wé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n lọ sílé àbúrò mi.

"Nígbà tí ẹ ń fọ́ ilẹ̀kùn, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Òkúta tó ba àbúrò mi níwájú orí ńkọ́?"

"Èmi ni mo sọ ọ́." Kò gbé ojú sá fún mi. "Tí wọn ò bá rí ẹlòmíì, ilé mi ni wọ́n ń bọ̀. Àwọn ọmọ mi wà nínú ilé, Àǹtí. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti mú akọ̀wé, mo dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo wá lọ wà níwájú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fura."

Mo gbá a létí. Gbogbo agbára tó ṣẹ́ kù fún mi ni mo fi gbá a, èékánná mi ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Kò gbé ọwọ́ sókè, kò yẹ̀. Ó tún sún mọ́ mi díẹ̀ sí i.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ tún gbá mi."

Mo tún gbá a.